Bí A Ṣe Ń Fi Kámẹ́rà Wọn Ìnà àti Ìsúnkì Pákó Lábẹ́ Ẹrù

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ ló ti gbé àwòrán aláràbarà wá fi hàn mí, pupa lápá kan, àwọ̀ aró lápá kejì, tí wọ́n sì sọ pé bí pákó àwọn ṣe nà lábẹ́ ẹrù nìyẹn. Bí mo bá ti bi wọ́n pé kí ni kọ̀ǹpútà rí nígbà tí ẹrù kankan kò tíì sí lórí pákó, ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu wọn, nítorí pé wọn kò wò ó. Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́. Nínú ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní digital image correlation, tí èmi yóò máa pè ní DIC, kọ̀ǹpútà a mú ègé kékeré kan nínú àwòrán àkọ́kọ́, a wá ibi tí ègé náà rìn dé nínú àwòrán kejì, a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé, lẹ́yìn náà a ṣírò bí wọ́n ṣe jìnnà síra tàbí bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Kò sí ìgbà tí kì í mú èsì wá. Bí kámẹ́rà bá mì, bí iná bá yí padà, bí pákó bá sún síwájú níwọ̀n irun orí, ìnà ni kọ̀ǹpútà yóò ka gbogbo rẹ̀ sí.

Pákó arère kan àti kẹ́ẹ̀gì omi la ó fi ṣe iṣẹ́ náà níbí. Mo yan arère nítorí pé ó rọrùn láti rí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì fúyẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méjì. Ìdá ìnà ni iye tí gígùn kan fi lé, tí a bá pín in fún gígùn tó ní tẹ́lẹ̀: bí mìlímítà 100 bá di mìlímítà 100.1, ìdá ìnà rẹ̀ jẹ́ 0.001. Níwọ̀n bí iye wọ̀nyí ti kéré, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni màá máa pè ní máíkírò kan, nítorí náà 0.001 jẹ́ máíkírò 1,000. Bí ohun náà bá sún kì dípò kó nà, a ó fi àmì ìyọkúrò síwájú iye náà.

Ohun tí ẹ nílò

- Pákó arère tó gbẹ dáadáa, tí kò ní kókó: gígùn mìlímítà 1,200, fífẹ̀ mìlímítà 20, gíga mìlímítà 40. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ìfági fá a kí ó dọ́gba láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ẹ gé ègé mìlímítà 100 kan pamọ́ lára igi kan náà; iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀.
- Búlọ́ọ̀kù tí a ó tò sí òpó mẹ́ta, àti irin róbótó méjì tó nípọn tó mìlímítà 16.
- Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, okùn tí kì í nà, ọ̀pá irin kúkúrú kan, àti ìkòkò oníwọ̀n lítà 5.
- Ọ̀dà inú agolo tí a ń fín, funfun kan, dúdú kan. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í dán.
- Kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 24, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń gbé lọ síbi ìnáwó, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18–55 tó sábà máa ń bá a wá, àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo.
- Iná méjì tó ń lo bátìrì.
- Rúlà irin, àti kọ̀ǹpútà tó ní Matlab, tí a ti gbé Ncorr sí, ìyẹn ètò tó ń ṣe ìṣirò DIC nínú Matlab. Ọ̀fẹ́ ni Ncorr fúnra rẹ̀.

Àwọn kan yóò bi mí pé ṣé fóònù kò tó. Bí fóònù yín bá ní lẹ́ǹsì ìwo-ọ̀nà-jíjìn gidi, ẹ lè gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì gbogboogbò tó wà lára fóònù máa ń gba ibi fífẹ̀ wọlé, ẹ ó sì ní láti sún un mọ́ pákó bí ìbú ọwọ́ kan kí pákó tó kún ojú àwòrán. Ìdá àṣìṣe tí ìsúnsíwá-sẹ́yìn ń mú wá ni iye tí pákó fi sún, tí a pín fún jíjìnnà kámẹ́rà sí i. Bí pákó bá sún síwájú ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, tí kámẹ́rà sì wà ní mìlímítà 75, máíkírò irọ́ tó lé ní 1,300 ni yóò wọ inú èsì. Ní mìlímítà 500, 200 péré ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ lọ yá kámẹ́rà.

Ìgbésẹ̀ 1: Kíkun ojú pákó

Ẹ fi sáńpépà ra ojú gíga pákó náà fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nu eruku rẹ̀ kúrò, ẹ sì fín ọ̀dà funfun sí i lẹ́ẹ̀mejì ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Nígbà òjò ní Àkúrẹ́, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé ọ̀dà tí inú rẹ̀ ṣì tutù a máa fà mọ́ra wọn, dúdú a sì wọ inú funfun.

Ọ̀dà dúdú ni ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. A kò fẹ́ kó bo ojú pákó. A fẹ́ kó rí tótòtó bí ara ẹtù tí a yí dúdú rẹ̀ sí funfun, láìjẹ́ pé àwọn àmì náà tò sí ìlà. Ẹ tẹ́ pákó sílẹ̀, kí ẹ dúró ní nǹkan bí mìlímítà 600 sí i, kí ẹ fín ọ̀dà náà sókè pákó, kì í ṣe sí i, kí ìkùukùu rẹ̀ máa rọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìfín àkọ́kọ́ láti inú agolo máa ń tutọ́ ńláńlá. Orí bébà àtijọ́ ni kí ẹ ti fín ìyẹn. Ẹ kun ègé mìlímítà 100 tó wà nípamọ́ lọ́nà kan náà.

Báwo ni àmì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Láàárín píksẹ́lì 3 sí 5 nínú àwòrán. Kámẹ́rà wa ní píksẹ́lì 6,000 ní ìbú. Bí ìbú ibi tó ń wò bá jẹ́ mìlímítà 200, píksẹ́lì 30 ló wà nínú mìlímítà kan, àmì kọ̀ọ̀kan yóò sì wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìkùukùu ọ̀dà ló lè ṣe èyí, gègé kò lè ṣe é. Bí àmì bá kéré ju píksẹ́lì 3 lọ, kọ̀ǹpútà kò ní mọ apá wo nínú píksẹ́lì ló wà, èsì yóò sì máa gbá lọ síbi odidi píksẹ́lì. Bí ó bá tóbi jù, ègé tí kọ̀ǹpútà ń wá yóò ní láti tóbi, a ó sì pàdánù ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí etí pákó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ya àwòrán kan láti ibi tí kámẹ́rà yóò wà, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí píksẹ́lì yóò fi hàn, kí ẹ ka píksẹ́lì inú àmì ogún. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá wà láàárín 3 sí 5, tí dúdú sì kó nǹkan bí ìdajì ojú pákó, ó ti tó. Bí ibì kan bá ń kọ mọ̀nà, ọ̀dà tó ń dán lẹ rà; ẹ fi sáńpépà ra á kúrò kí ẹ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 2: Gbígbé pákó sórí irin, àti ẹlẹ́rìí

Ẹ to òpó búlọ́ọ̀kù méjì lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kí irin róbótó kọ̀ọ̀kan wà lórí wọn, kí àárín irin sí irin jẹ́ mìlímítà 1,000 gééré. Ẹ gbé pákó lé wọn, kí gíga rẹ̀ tó jẹ́ mìlímítà 40 dúró ṣánṣán. Ẹ so okùn méjì yí pákó ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà 100 sí àárín gbùngbùn, kí ẹ fi ọ̀pá irin kọ́ sísàlẹ̀ wọn, kí kẹ́ẹ̀gì sì rọ̀ láti àárín ọ̀pá náà. Okùn kan ṣoṣo ní àárín ìbá rọrùn, ṣùgbọ́n yóò bo ibi tí a fẹ́ wò gan-an. Okùn méjì tún ní àǹfààní mìíràn: láàárín wọn, agbára tó ń tẹ pákó jẹ́ ọ̀kan náà láti okùn dé okùn, nítorí náà gbogbo àárín náà ló yẹ kó sọ ohun kan náà.

Kí ìdí kẹ́ẹ̀gì má ṣe ju mìlímítà 100 lọ sí ilẹ̀, kí ẹ sì fi táyà àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹrù kílógíráàmù 25 tó já lulẹ̀ lè fọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn.

Wàyí o, ẹlẹ́rìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, orí pèpéle onípákó ni mo gbé ìdúró kámẹ́rà lé. Ní gbogbo ìgbà tí ẹni tó ń da omi bá gun pèpéle náà, kámẹ́rà a tẹ̀ síwájú díẹ̀, èmi kò sì mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣàlàyé fún ara mi ìdí tí pákó fi ń nà lókè tó sì tún ń nà nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í ṣe é láìní ẹlẹ́rìí: ègé mìlímítà 100 tí a kùn, tí a lẹ̀ mọ́ òpó búlọ́ọ̀kù kẹta tó dúró lẹ́yìn pákó láìfara kàn án, kí ojú rẹ̀ wà lókè pákó, ní ìdọ́gba pẹ̀lú ojú pákó gan-an, kó sì hàn nínú àwòrán kan náà. Ẹrù kankan kò sí lórí rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i nínú èsì, kámẹ́rà tàbí iná ló fà á.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ìka ti pákó díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kan ẹlẹ́rìí tàbí òpó tó gbé e dúró. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ojú àwọn méjèèjì. Kò yẹ kí ọ̀kan yọ síwájú ju èkejì lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Títò kámẹ́rà

Ẹ gbé kámẹ́rà sí nǹkan bí mìlímítà 500, kí ẹ yí lẹ́ǹsì sí 55, kí ẹ sún un títí ìbú àwòrán yóò fi jẹ́ mìlímítà 200 lórí rúlà tí a gbé kan ojú pákó. Ẹ ya rúlà náà pamọ́. Òun ni a ó fi mọ iye píksẹ́lì inú mìlímítà kan. Kí kámẹ́rà lè kọjú sí pákó gbọnrangandan, ẹ lẹ dígí kékeré kan pẹrẹsẹ mọ́ ojú pákó. Bí ẹ bá rí ojú lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ nínú dígí náà, ní àárín gbùngbùn àwòrán, ó ti tọ́. Ọgbọ́n yìí dára ju kí a máa fojú wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun tí kámẹ́rà ń dá ṣe fúnra rẹ̀: kí ó má ṣe dá wá ojú àwòrán, kí ó má ṣe dá yan ìmọ́lẹ̀ tàbí àwọ̀, kí ohun tó ń gba ìmì ọwọ́ inú lẹ́ǹsì sì wà ní pípa. Ẹ lo f/8 àti ISO 100. Ẹ fi sẹ́lótéèpù de òrùka lẹ́ǹsì méjèèjì kí wọ́n má baà yí. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà ka ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó yà á, kí ọwọ́ yín ti kúrò lára rẹ̀. RAW ni kí ẹ tọ́jú, kí ẹ wá sọ ọ́ di TIFF; JPEG a máa gé àwòrán sí ègé píksẹ́lì 8 sí 8, ojú gígé náà a sì máa dá àmì ọ̀dà rú.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, iná ìlú a máa lù lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àwòrán méjì kì í mọ́lẹ̀ bákan náà lábẹ́ gílóòbù kan. Iná bátìrì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ni kí ẹ lò. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí. Kọ̀ǹpútà lè fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ sí i tàbí tó dín kù lójú gbogbo pákó, ṣùgbọ́n òjìji tó ń rìn kọjá lójú pákó kọjá ohun tó lè mú mọ́ra.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdánwò òdo

Bí ẹ bá fẹ́ fo ìgbésẹ̀ kan, ẹ jọ̀wọ́, kó má ṣe jẹ́ èyí.

Kí kẹ́ẹ̀gì òfìfo ti rọ̀ lórí pákó, kí okùn lè ti fà le. Ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ ní títàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí inú rẹ̀ lè gbóná tán, lẹ́yìn náà ẹ ya àwòrán mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan síra, láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ sọ wọ́n ní pako_0.tif, pako_1.tif, títí dé pako_5.tif, nítorí pé báyìí ni Ncorr ṣe ń mọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ mú pako_0 gẹ́gẹ́ bí àwòrán ìpìlẹ̀, kí àwọn yòókù jẹ́ àwòrán ìwò. Ẹ ya ààlà yí mìlímítà 120 tó wà láàárín pákó ká, kí ààlà náà fi mìlímítà kan wọ inú etí òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ohun tó wà lẹ́yìn pákó má baà wọlé. Ẹ ya ààlà kejì yí ẹlẹ́rìí ká.

Fún Subset Radius, ẹ fi 20 sí i. Ègé tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 41 nìyẹn, àmì tó ju mẹ́ta lọ yóò sì wà ní ìbú rẹ̀. Fún Subset Spacing, ìyẹn àlàfo láti ègé kan sí èkejì, ẹ fi 4. Fún Strain Radius, ìyẹn bí àyíká tí a fi ń ṣírò ìdá ìnà ṣe fẹ̀ tó, ẹ fi 10. Bí ẹ bá sọ iye wọ̀nyí di ńlá, àwòrán èsì yóò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ẹwà yẹn lè bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe yí wọn padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí èsì ẹrù. Ìdánwò òdo ni kí ẹ fi yàn wọ́n.

Ẹ wo Exx, ìdá ìnà ní ọ̀nà gígùn pákó. Ó yẹ kí àròpín rẹ̀ sún mọ́ òdo, kí ó má ju máíkírò 50 lọ lókè tàbí nísàlẹ̀, kí ìfọ́nká rẹ̀ láti ibì kan sí òmíràn má sì ju nǹkan bí 150 lọ. Ìlànà tèmi ni pé ìfọ́nká náà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí mo ń retí lábẹ́ ẹrù tó pọ̀ jù.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìrísí àṣìṣe náà yóò sọ ibi tó ti wá. Bí Exx àti Eyy, ìyẹn ìdá ìnà ní ọ̀nà gíga pákó, bá jọ yí ní iye kan náà níbi gbogbo, àárín pákó sí kámẹ́rà ti yí padà. Bí ẹlẹ́rìí bá rìn pẹ̀lú, kámẹ́rà ló mì. Bí ìlà ìlà bá yọ lójú èsì bí aṣọ abilà, àmì ọ̀dà ti kéré jù. Bí ìgbì bá ń rìn, tí kì í dúró sójú kan láti àwòrán dé àwòrán, ooru iná ló ń mi afẹ́fẹ́ tó wà láàárín; ẹ gbé iná jìnnà.

Ìdánwò kejì: ẹ fọwọ́ sún pákó ní ọ̀nà gígùn rẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà kan, kí ẹ tún yà á. Ìrìn U, ìyẹn ìrìn ní ọ̀nà gígùn pákó, gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan bí píksẹ́lì 30 níbi gbogbo, kí Exx ṣì wà ní òdo. Bí Exx bá dìde, kámẹ́rà kò kọjú sí pákó gbọnrangandan. Ẹ padà sídìí dígí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ àròpín àti ìfọ́nká náà sínú ìwé. Láìsí iye méjì yìí, ẹ má tíì bu omi.

Ìgbésẹ̀ 5: Dída omi

Ẹ ya àwòrán ìpìlẹ̀ tuntun. Ẹ rọra da lítà 5 sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ jẹ́ kó dẹ́kun mímì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ ya àwòrán méjì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí dé lítà 25, lẹ́yìn náà ẹ fa omi náà jáde tán kí ẹ tún yà á. Kí ìṣẹ́jú méjì náà dọ́gba ní gbogbo ìgbà, nítorí pé igi a máa bá títẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú kan níbì kan àti mẹ́wàá níbòmíràn, ìlà yín kò ní tọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ rìn ju ìdá kan nínú ogún píksẹ́lì lọ. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Kíka èsì

Ẹ má ṣe ka iye kan láti ojú kan lórí àwòrán aláràbarà yẹn. Ẹ gba àròpín Exx ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè pákó dé ìsàlẹ̀, kí ẹ yà á sórí bébà: gíga lápá kan, ìdá ìnà lápá kejì. Ìlà tó tọ́ ló yẹ kó jáde, kí òkè sún kì, kí ìsàlẹ̀ nà, kí ìlà náà sì kọjá lórí òdo nítòsí àárín gíga pákó. Ẹ fa ìlà náà gùn dé etí ìsàlẹ̀, ìyẹn mìlímítà 20 sí àárín, kí ẹ ka iye ibẹ̀. Bí ìlà bá tọ́ ṣùgbọ́n tí ó kọjá lórí òdo ní ibi tó jìnnà sí àárín, ẹ wo Eyy. Ó ṣeé ṣe kí pákó ti sún síwájú tàbí sẹ́yìn.

Lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan. Lítà 5 jẹ́ nǹkan bí níútọ̀nù 49. Ìdajì rẹ̀ ni irin kọ̀ọ̀kan ń gbé, okùn sì jìnnà sí irin ní mìlímítà 400. Pẹ̀lú pákó tó fẹ̀ ní 20, tó ga ní 40, ìfà tó ń bá etí ìsàlẹ̀ jẹ́ 1.84 MPa (ìyẹn níútọ̀nù 1.84 lórí mìlímítà kan níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) fún lítà 5 kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìdá ìnà fi máíkírò 260 lé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan: ẹ pín 1.84 fún 0.00026, ẹ ó rí nǹkan bí 7,080 MPa, ìyẹn líle igi náà ní ọ̀nà òwú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi wà láàárín 5,000 sí 15,000. Bí tiyín bá jẹ́ 2,000 tàbí 40,000, ẹ kọ́kọ́ tún ìṣirò yín yẹ̀ wò.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìdánwò ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìsúnsíwájú pákó kì í tàn án jẹ. Ká ní ìdá ìnà etí ìsàlẹ̀ ní lítà 25 jẹ́ máíkírò 1,300. Bí a bá pín in fún mìlímítà 20, a rí bí pákó ṣe tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ tó: 0.000065 fún mìlímítà kọ̀ọ̀kan. Láàárín mìlímítà 120 tí a ń wò, àárín gbọ́dọ̀ fi 0.117 mìlímítà wọlẹ̀ ju ìpẹ̀kun méjèèjì lọ, nǹkan bí píksẹ́lì 3.5. Ẹ wo ìrìn V, ìyẹn ìrìn ní ọ̀nà gíga pákó, nínú àwòrán kan náà, ní ìlà àárín pákó, kí ẹ yọ àròpín ìpẹ̀kun méjèèjì kúrò nínú ti àárín. Bí ohun tí ẹ rí bá wà láàárín 3.2 sí 3.8, Exx yín ń sọ òótọ́. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí 5, V ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ padà sí ìdánwò òdo, bẹ̀rẹ̀ láti orí dígí.

Ní ti àwòrán tí ẹ yà lẹ́yìn tí omi tán nínú kẹ́ẹ̀gì, ó yẹ kó padà sí ìtòsí òdo tí ẹ kọ sínú ìwé ní ìgbésẹ̀ 4. Arère lè mú ìtẹ̀ díẹ̀ dání fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ tún yà á ní ọjọ́ kejì. Bí ìdá ìnà náà kò bá tíì wálẹ̀ nígbà náà, ẹ wo àmì tí okùn fi sórí pákó: ó sábà máa ń jẹ́ pé okùn ti sún kúrò ní mìlímítà 100 rẹ̀, a ó sì ní láti so ó, kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ́ẹ̀gì òfìfo.